Rásíbẹ́rì Athol Kì Í Mu Oògùn

Ọjọ́ tí Glenys Woolnough kó dé Kettle Creek gan-an ni ó kọ́kọ́ rí Athol Direen. Oṣù Kejìlá ni, ooru ti mú. Bàbá náà jókòó sórí àga ilé ìdáná ní etí ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ekejì, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, imú ọkọ̀ kan tí ó ru àgbá oògùn apakoríko sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá rásíbẹ́rì rẹ̀, igi eléso ẹlẹ́gùn-ún, wà, tí wọ́n ti gba abẹ́ wáyà jáde sí ojú ọ̀nà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí.

Wọ́n rán Craig, tí ó ń wa ọkọ̀ náà, láti wá fín oògùn sí búlákíbẹ́rì, ẹ̀gún burúkú tí ó ti gba bèbè odò àti etí ọ̀nà ní gbogbo àfonífojì Huon.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Wọ́n ní kí n fín gbogbo búlákíbẹ́rì ojú ọ̀nà yìí."

"Fín in. Mi ò dí ọ lọ́wọ́. Níbo ló wà?"

"Ẹ̀yìn yín náà ni."

"Rásíbẹ́rì ló wà lẹ́yìn mi."

"Ewé wọn jọra, Bàbá. Ẹ̀gún wọn jọra."

"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ náà jọra. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá jalè, ṣé ìwọ ni ká wá tì mọ́lé?"

Athol kò dìde. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó já èso pupa kan, ó sì fi inú rẹ̀ han ọkùnrin náà. Inú èso náà ṣófo. Ó ti fi ìdí funfun rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pá. Athol fi dé ìka rẹ̀ lórí bí ẹni dé fìlà.

"Búlákíbẹ́rì ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bó o bá já a, tòun tìdí ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Rásíbẹ́rì ní tiẹ̀, ó máa ń ṣí fìlà fún àlejò. Gbà, tọ́ ọ wò."

Craig tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ òmíràn wò. Nígbà tí Glenys fi máa gbé àpótí kejì wọ ilé rẹ̀ tuntun, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Athol, ọkùnrin náà ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó yí ọkọ̀ padà, ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun pé kò sí nǹkan kan mọ́ ní ibẹ̀. Kò purọ́; kò ku ẹyọ kan tó pọ́n.

Ìtàn yẹn ni gbogbo Kettle Creek máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ Athol. Ṣùgbọ́n ohun tí Glenys rí lọ́jọ́ náà, tí ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò lórí rẹ̀ mọ́, ni èso náà. Olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wá láti ìlú ńlá Hobart, ó fẹ́ràn kí ohun gbogbo wà ní ìlà. Ó ti wọn ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ti kan èèkàn, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ìwọ̀-oòrùn fún rásíbẹ́rì. Ohun tí ó kù ni kí Athol fún un lọ́mọ.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni rásíbẹ́rì ṣe ń bí ọmọ. Ìyá á so, ìyá á gbẹ, ọmọ á sì ti yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, àwọn ará ibẹ̀ a máa hú ọmọ rásíbẹ́rì, wọn a fi ìwé ìròyìn tútù wé e, wọn a sì gbé e fún aládùúgbò láìretí ọpẹ́. Athol nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ìfẹ́sọ́nà rọrùn ju kéèyàn gba ọmọ rásíbẹ́rì lọ.

"Kí ló wà nínú ilé irinṣẹ́ rẹ?" ó bi Glenys lórí ọgbà tó là wọ́n láàárín.

"Ṣọ́bìrì, ọkọ́, àti okùn."

"Kí ló tún wà?"

"Ìgò kan tí ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀."

"Ìgò kí ni?"

Glenys kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́. "Oògùn apakoríko."

Athol mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi dókítà tí àyẹ̀wò kò dára lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Wàá gbúròó mi." Lóòótọ́ ni Glenys gbúròó rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni.

"Ìgò yẹn ńkọ́?"

"Mo ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú ẹ̀."

"Róòsì rẹ ńkọ́?"

"Kí ló ṣe róòsì mi?"

"Kò sí kòkòrò lára wọn. Níbo ni wọ́n gbà lọ?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n, Athol."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá."

Athol wo róòsì, ó wo Glenys. "Ẹni tó bá ráyè ṣa gbogbo kòkòrò tán," ó ní, "ó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ẹ̀." Ó sì wọlé.

Athol kì í ṣe ahun. Bàbá rẹ̀ ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fín oògùn sí ápù ní oko olóko, ikọ́ sì ni owó ìfẹ̀yìntì tí ó gbà. Athol gbé e sin, ó sì sọ fún Merle ìyàwó rẹ̀ pé oògùn kò ní wọ ilẹ̀ àwọn. Merle ni ó gbin ọ̀pá rásíbẹ́rì àkọ́kọ́. Nígbà tí Merle náà lọ, Athol kò gbin òdòdó kankan sí ìrántí rẹ̀. Ó ń ṣọ́ rásíbẹ́rì ni, nítorí ó gbà pé ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan, oògùn ni wọ́n máa fi wò ó dàgbà.

Koríko òkun ni ó fi ń bo ìdí wọn, ìgbẹ́ àgùntàn ni ó fi ń bọ́ wọn. Èyí kò ní wàhálà nínú, àfi fún ẹni tó bá sá aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí. Wàhálà wà nínú ọ̀rọ̀ pọ́sọ̀mù, ẹran onírun tí ń gun igi, tí ń jẹ èèhù rásíbẹ́rì nígbà tí ènìyàn bá ti sùn. Athol gbọ́ pé wọn kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn. Ó so rédíò mọ́ àárín àwọn ọ̀pá, ó sì yí i sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnsọ ìjíròrò àwọn aṣòfin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Glenys bá a níbi tó dúró sí. Pọ́sọ̀mù ńlá kan ti ká jọ sórí rédíò náà, ikùn rẹ̀ yọ, ó ń hanrun.

"Mi ò bínú sí i," Athol wí. "Bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn."

Ní ọdún kan, ó gbé àwo rásíbẹ́rì lọ sí ìpàtẹ ìrè oko abúlé. Ìyáàfin Lovett ni adájọ́. Ó fi ṣíbí kékeré yí èso kan, kòkòrò funfun sì yọ orí jáde.

"Athol, nǹkan kan ń rìn nínú àwo yín."

"Mo mọ̀. Ẹlẹ́rìí mi ni."

"Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Pé mi ò fín oògùn. Ẹ bi àwọn tó kù léèrè, níbo ni ẹlẹ́rìí tiwọn wà?"

Ìyáàfin Lovett ronú títí. Ó gbé Athol sí ipò kẹta, ó sì wá ewé fún kòkòrò náà.

Rásíbẹ́rì fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé olówó òun kò fẹ́ kí òun jáde. Nígbà kan tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ kan gba abẹ́ ọgbà kọjá, ó sì yọrí ní ẹ̀yìn ilé Glenys, sáàárín karọ́ọ̀tì. Kò bá ìlà mu rárá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Glenys kò bìkítà. Ó fi agbada ìbomirin bò ó mọ́lẹ̀. Kò tíì jẹun àárọ̀ tí Athol fi dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

"Ọ̀kan nínú wọn ṣáko. Mo wá mú un lọ sílé."

"Ilẹ̀ mi ló hù sí, Athol."

"Bí adìyẹ mi bá rìn wọ ilé rẹ, ṣé ó ti di tìẹ nìyẹn?"

"Bó bá yé ẹyin síbẹ̀, èmi ni mo ni ẹyin."

Ọ̀rọ̀ náà ká Athol lára. Ó fi ọwọ́ ti ṣọ́bìrì, ó rò ó. "Kò tíì yé," ó ní, ó sì wa ọmọ rẹ̀ jáde tòun ti gbòǹgbò.

Nígbà tó yá, orúnkún Athol kò fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Glenys ni ó wá ń bá a gé àwọn ọ̀pá lẹ́yìn ìkórè. Athol á jókòó, á máa wò ó bíi ọlọ́pàá tó ń wo ìwé ọkọ̀. Ọ̀pá tó ti so ti di àwọ̀ ilẹ̀. Òun ni wọ́n ń gé délẹ̀. Ọ̀pá tútù kò tíì so. Òun ni wọ́n ń so mọ́ wáyà fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú, ebi rásíbẹ́rì á pa á fún ọdún kan gbáko. Glenys kò ṣì wọ́n mú. Ó tún to àwọn tó gé sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ́, ó rí i pé wọ́n gùn dọ́gba.

"Glenys," Athol wí, "iná la fẹ́ fi wọ́n dá. Wọn ò fẹ́ ṣe ìdánwò."

Láti ìgbà yẹn ni Glenys ti dẹwọ́ lórí kòkòrò tirẹ̀ náà. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ ọn lára. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ róòsì.

Ìgbà tí òtútù tún kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọmọ rásíbẹ́rì mìíràn kọjá ọgbà, ó sì yọ lẹ́bàá ògiri, ní tòsí róòsì. Ewé kékeré, tí ó rí bí etí eku. Glenys kò bò ó. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń retí ṣọ́bìrì. Athol dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì náà ni ó fi ń tilẹ̀, ó sì dúró sinmi kí ó tó dé ibẹ̀. Ó wo ọmọ náà. Ó wo róòsì. Kòkòrò wẹ́wẹ́ bo èèhù wọn, àwọn ẹyẹ kékeré sì ń ṣà wọ́n jẹ.

"Àlejò ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ," ó wí.

"Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ."

"Mo rí i."

Ó dúró pẹ́ débi pé Glenys fẹ́ gbé àga fún un.

"Òjìji ògiri á bò ó lọ́sàn-án," Athol wí nígbà tó yá.

"Ṣé kí n ṣí i nípò?"

"Kì í ṣe báyìí, á kú. Tí òtútù bá dé. Jẹ́ kó sùn ná, kó o tó gbé e."

Ó yí padà, ó ń fi ṣọ́bìrì tilẹ̀ lọ. Ó ti ti gééètì tán kí ó tó yé Glenys pé ó ti lọ láìwa nǹkan kan.

Athol kò dé ìgbà òtútù náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n mu tíì ní gbọ̀ngàn abúlé. Craig, tí irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn ọjọ́ tí ó wá fín oògùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyáàfin Lovett fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà kíákíá. Rhonda ọmọ Athol ta ilé náà. Àwọn tó rà á ní ọkọ̀ méjì, wọ́n sì fẹ́ ibi tí wọ́n máa gbé wọn sí. Katakata wú gbogbo rásíbẹ́rì dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà òtútù. Lọ́jọ́ kejì, Glenys wa ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń pẹ́. Kò wọn ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kejì, ó so èso tó kún ife tíì kan. Glenys jẹ ìdajì, ó sì gbé ìyókù fún Craig.

Athol wà ní itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ní apá ọ̀tún Merle, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò.