Ọwọ́ Tó Ní Làálì Nínú Awò Dókítà

Mo ti bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí n fi irọ́ kún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Sókótó níbí mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ àǹjọ̀nú. Ọmọ Ìlọrin ni mí, nọ́ọ̀sì tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, mo sì wà lára àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa ní Mabera. Òkú kì í bà mí lẹ́rù, Alhamdulillahi.

Kì í ṣe òru ló ṣẹlẹ̀. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti wọ ojú fèrèsé.

Ráfátù tó ń ta aṣọ ní Mabera la fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kókó kan wà lára egungun ìbàdí rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí abẹ bá ṣèèṣì kan iṣan yẹn, ẹ̀mí lè bọ́ ká tó ṣẹ́jú. Ọmọ ọwọ́ kan ń dúró dè é nílé. Ìyá Ráfátù fúnra rẹ̀ ti kú. Èmi gan-an ni mo wẹ òkú rẹ̀.

Dókítà wa, ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan, ní awò tuntun kan tó máa ń lò. Tó bá gbé e sójú, á máa rí gbogbo wa bí a ṣe wà, á sì tún rí àwòrán egungun àti iṣan tí wọ́n ti yà sílẹ̀, lórí ara aláìsàn gan-an, bí ẹni pé awọ ara ti di gíláàsì. Àwọn àlẹ̀mọ́ kéékèèké tí a lẹ̀ mọ́ ìbàdí ló ń júwe fún awò náà ibi tí àwòrán máa dúró sí.

Bí mo ṣe ń lẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, Ráfátù rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ ti sọ mí di ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹrù ẹlẹgẹ́ ni ẹ́. Má fọwọ́ kàn wọ́n o."

Wọ́n fún un lóorun. Dókítà gbé awò sójú, ó mú abẹ, ó wá dúró.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

"Ọwọ́ wo, sà?" Ọwọ́ mi méjèèjì wà láyà mi, nínú ìbọ̀wọ́.

Ó ní kí wọ́n bá òun ṣí awò sókè. Ó wo ìbàdí Ráfátù. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n dá awò padà sójú rẹ̀. Ó tún tẹjú mọ́ ìbàdí náà. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ bá mi wò ó," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi awò kejì sí mi lójú.

Ẹ gbà mí gbọ́. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀, ọwọ́ òsì, láìní ìbọ̀wọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ibi tí dókítà fẹ́ là, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ lé ikùn ọmọ tó ń sunkún. Làálì wà léèékánná rẹ̀. Orí ìka àárín ti gé. Lẹ́yìn ọrùn ọwọ́, kò sí apá.

Mo mọ ìka yẹn. Ẹ̀rọ ìlọta ló gé e fún ìyá Ráfátù. Mo da omi sí i lọ́jọ́ tí a wẹ̀ ẹ́, làálì Iléyá ò tíì ṣí lára rẹ̀.

N kò pariwo. Mo ka Ayatul Kursiyyu sínú. Mo wá ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká yẹ àwòrán yẹn wò ká tó là á."

Dókítà fi irin atọ́nà tí wọ́n fi ń yẹ àwòrán wò kan egungun tó yọ lábẹ́ awọ. Nínú awò, àwòrán egungun náà kò sí níbẹ̀; ó ti yẹ̀ tó ìwọ̀n ìka méjì. Ibi tí awò ní ká là, iṣan ńlá yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

A tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwòrán fi máa bá egungun mu, ọwọ́ náà ti lọ. Iṣẹ́ abẹ parí láyọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Awò náà máa ń ká ohun tó bá rí sílẹ̀. A wò ó lẹ́yìn náà. Ọwọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ohùn dókítà nìkan la gbọ́, tó ń bẹ ẹnì kan pé kó gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tí Ráfátù jí dáadáa, mo bi í nípa àlẹ̀mọ́. Ó wolẹ̀.

"Mo wẹ ìwẹ̀ ẹ̀sìn ni, Àǹtí. Mo ní tí mi ò bá jí mọ́, kí n lọ ní mímọ́. Wọ́n bá ṣí. Èmi ni mo fojú díwọ̀n ibẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n padà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

N kò tíì sọ ohun tí a rí fún un. Alfa wa ní òkú kì í padà wá, pé bóyá màlékà ni. Mo gba ọ̀rọ̀ Alfa. Ṣùgbọ́n dókítà kò mọ ìyá Ráfátù rí, òun ló sì kọ́kọ́ rí ọwọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ wẹ̀ tó bá yẹ kẹ́ ẹ wẹ̀. Àmọ́ tí àlẹ̀mọ́ bá ṣí, ẹ sọ. A ò ní bá yín jà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní tíátà, tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ níbi tẹ́ ẹ fẹ́ là, ẹ má tíì ní kó kúrò. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń dáàbò bò.