Eéje Tí Kò So Ìgbànú

Ilẹ̀kùn méjì ni àbúrò mi káfíńtà ti kàn fún ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, méjèèjì sì kúrú. Ewúrẹ́ olóyún lè gba abẹ́ wọn kọjá láìtẹríba! Onílé ní bí ẹ̀kẹta bá tún kúrú, òun á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìyàwó àbúrò mi ló máa ń wọn ẹnu ọ̀nà, tó ń kọ iye rẹ̀ wá.

“Ìyá Ìbejì, oókan lo kọ síbí!” ni ọkọ rẹ̀ ké.

“Eéje ni.”

“Eéje tèmi máa ń so ìgbànú láàrin, mo máa ń fa ìlà kékeré dábùú rẹ̀.”

“Tiyín nìyẹn. Tèmi kì í wọ ṣòkòtò!”

“Ó dáa. Ka èyí tó tẹ̀ lé e.”

Ìyàwó tẹjú mọ́ ìwé náà títí, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Tìbínú-tìbínú, àbúrò mi gbé pákó rù, ó lọ gé e lẹ́nu ọ̀nà onílé gan-an. Ilẹ̀kùn náà ṣe gẹ́lẹ́, síbẹ̀ àbúrò mi kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.