Ẹrẹ̀ Òkun Tí N Kò Kọ Orúkọ Ibi Rẹ̀

Kí àwọn oníbúrẹ́dì Agége tó kó ti àkọ́kọ́ jáde nínú ààrò ni mo ti wà lójú ọ̀nà, mo gbé kúlà oníyìnyín lọ́wọ́, mo ń lọ sí etí òkun lẹ́yìn Àgbádárìgì. Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé ni. Yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ ọmọ Èkìtì kan tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà.

Mo ti lọ síbẹ̀ rí. Dókítà gbà pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkun máa ń ṣe oró tí wọ́n fi ń lé ara wọn, àti pé a lè rí oògùn tuntun níbẹ̀. Ó sì rí i. Kòkòrò kan láti inú ẹrẹ̀ tí mo bù wá pa kòkòrò àìsàn tó ń mú kí egbò máa rà, tí oògùn ilé ìwòsàn kò ràn mọ́. Àyíká rẹ̀ nínú àwo mọ́ féfé bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Dókítà jó yí tábìlì ká.

Lẹ́yìn náà iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, ooru wọ fíríìjì, kòkòrò náà kú.

"Má dààmú," Dókítà wí. "Padà síbi tí o ti bù ú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni mo ti bu ẹrẹ̀, òjò sì lé mi débi pé n kò kọ orúkọ ibi kankan sára ìgò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá àwáwí: lónìí ọmọ mi ń ṣàìsàn, lọ́la ọ̀nà kò dára.

Mo wọkọ̀ dé Ọ̀ṣòdì, mo tún wọ̀ ọ́ dé Máìlì Tuu. Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n gbà dé Àgbádárìgì. Ọ̀dà ojú títì ti hó, àgbọn sì kún ẹ̀bá ọ̀nà lókìtìlókìtì. Ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé, lọ́dọ̀ Bàbá Húnsù, apẹja Ègùn tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi nígbà àkọ́kọ́. Ìyàwó wọn gbé sìn fún mi, ìyẹn omi lédè wọn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, ẹnu ọ̀nà la ti ń bi àlejò pé ṣé kò sí nǹkan. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan títí mo fi mu omi tán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgò wo la fi bu ti ibo lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n wò mí. "Mo rántí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìgò, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wọn gbé mi lọ. Mo bu ẹrẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ kan tó rì, mo bu òmíràn létí òkun. Ibi kẹta ni ìdí àwọn igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò wọn máa ń dúró sókè nínú omi iyọ̀. A débẹ̀, a kò bá igi kankan. Àwọn kan ti sun wọ́n, wọ́n ti da yanrìn dí ibẹ̀.

"Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà," Bàbá Húnsù wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọ́n sun igi."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ gbẹ́lẹ̀ títí èékánná mi fi ṣẹ́. Yanrìn ṣáá ni.

Nígbà tí mo ń bọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù dá ọkọ̀ wa dúró. "Kí ló wà ńnú kúlà?"

"Ẹrẹ̀ ni, sà."

Ó ṣí i. "Madam, ṣé ẹrẹ̀ ti tán l'Ékòó ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìkẹjà. Dókítà ti ń dúró lẹ́nu géètì. "Ṣé ibẹ̀ náà ni?"

Irọ́ ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́: ìgò, òjò, igi tí wọ́n sun.

"Ìgbà wo ni wọ́n sun ún?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì, sà."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ṣírò rẹ̀: ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ní kí n padà lọ. Kò pariwo. Ó gba kúlà lọ́wọ́ mi. "Máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ ọ́."

A dán ẹrẹ̀ méjèèjì wò. Àwo kankan kò mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Kí ọdún tó parí, ilé iṣẹ́ ti yàrá àyẹ̀wò wa pa, Dókítà sì padà sí Èkìtì lọ kọ́ ọmọ ilé ìwé.

Nígbà tí mo délé ní Agége lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ bu ẹrẹ̀ yẹn, ọkọ mi bi mí bí ìrìn àjò ti rí. Mo ní ó dára. Ohun tó kọ́ mi nìyí: ẹni tó gbàgbé nǹkan lè rí i padà bí ó bá tètè sọ. Èmi ò tètè sọ. Egbò ṣì ń rà lára àwọn ènìyàn, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn wọn kò sí lábẹ́ yanrìn yẹn.