Ibi Tí Mọ́tò Ọmọ Mi Ń Sùn

A máa ń gbọ́ pé àwọn kan ń purọ́ àdírẹ́sì kí owó inṣọ́ránsì mọ́tò wọn lè dín. Wọ́n á ní ọ̀dọ̀ àǹtí àwọn lábúlé ni mọ́tò ń sùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀bá títì ní Dagenham, ní London níbí, ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ò tíì gbọ́ ti ẹni tó purọ́ kí owó náà má baà dín, àfi èmi alára. Orí mi pé nígbà tí mo ṣe é o. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe dáadáa.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, àwa méjèèjì la sì jọ ń gbé nílé wa lẹ́bàá Parsloes Park látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti padà sí Abẹ́òkúta. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò. Láàárọ̀ Sunday, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, a ó máa yí páàkì náà po, èmi á máa pariwo, òun á máa sọ pé, "Mummy, I can see it." Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ tuntun níbi iṣẹ́ láìgbóhùn sókè. Ọmọ ẹni nìkan ló ń fa irú ohùn yẹn jáde lẹ́nu ẹni.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó yege ìdánwò, tí mo ra mọ́tò kékeré kan fún un, àlòkù, tó pupa bíi tàtàṣé. A jókòó sídìí tábìlì ìjẹun láti kún fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè, àfi bíi pé ọkọ̀ òfúrufú ló fẹ́ máa wà. Wọn ò bèèrè bóyá ó ní sùúrù. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n bèèrè, àti póòsìkóòdù wa, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì. Nígbà tí a fi orúkọ mi kún un gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì, owó náà wálẹ̀ díẹ̀, torí ó pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀, n kò sì gbá ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó gbà kí wọ́n fi àpótí dúdú kan sínú mọ́tò, ó tún wálẹ̀ sí i. Àpótí náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n aláròkà ni: ó ń sọ fún wọn bó ṣe ń sáré sí, bó ṣe ń tẹ bíréèkì, àti ibi tí mọ́tò ń sùn. Ímeèlì mi la fi sílẹ̀, inú báǹkì mi lowó ti ń jáde, ọmọ mi sì fọwọ́ sí i pé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórúkọ òun.

Aládùúrà ni wá, a kì í gbé mọ́tò tuntun sójú títì láìgbàdúrà sí i. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa wọ sùtánà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán yí mọ́tò náà po lórí ilẹ̀ tútù, ó wọ́n omi àdúrà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú ń ti ọmọ mi torí àwọn tó ń kọjá, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Bàbá ní mọ́tò náà á máa lọ re, á máa bọ̀ re. Àmín tí mo ṣe sí "bọ̀ re" le ju ti "lọ re" lọ.

Fún ọdún mẹ́ta, ayé dùn. Bí mo bá ń gbé bọ́ọ̀sì kọjá ní Dagenham Heathway, tí òun náà ń bọ̀ lódìkejì, á tan iná mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà á tan tèmi. Àwọn èrò ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tó bá di Saturday, á gbé mi lọ ra ata àti iṣu, á máa kùn pé kò síbi tí òun máa gbé mọ́tò sí, èmi á sì máa fi ìkùnsínú rẹ̀ ṣe orin gbọ́.

Nígbà tó jáde yunifásítì, ilé ìwòsàn kan ní ìlú kékeré kan létí òkun, lápá Norfolk, gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé, kó máa kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe tún dìde rìn lẹ́yìn àìsàn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó gbọ́dọ̀ ní mọ́tò, torí bọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àwọn abúlé yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbá a mọ́ra, mo sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún. Lójú tèmi, ọmọbìnrin tí kò tíì relé ọkọ, ilé òbí rẹ̀ ló ń gbé. Mi ò lè sọ fún un pé kó má lọ. Inṣọ́ránsì ni mo wá fi ṣe àwáwí.

Ọmọ ìjọ wa kan ti ṣí láti Chadwell Heath lọ síbi tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó inṣọ́ránsì rẹ̀ sì fò sókè, kìkì torí pé póòsìkóòdù yí padà. Ìtàn yẹn ni mo ń sọ tọ̀sán-tòru. Mo ní ẹni tó bá ṣí ilé, wọ́n á fi kún tiẹ̀, àgàgà ọmọdé. Mo ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ọmọ mi ò bá mi jiyàn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì kan náà yẹn, ó tẹ póòsìkóòdù ìlú tuntun náà sí i.

Ó ní, "Mummy, it's come down. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó one third."

Mo ní kó tún un tẹ̀. Iye kan náà ló gbé wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jí mọ́tò níbẹ̀, jàm̀bá ọkọ̀ ò pọ̀, ilé tí òun fẹ́ gbà sì ní àyè ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà. Mo ń mi orí, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Ó dùn mí pé ohun kan lè dẹrùn fún ọmọ mi torí pé ó jìnnà sí mi.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, mo di gàárì, èlùbọ́ àti ọbẹ̀ tó ti dì sínú mọ́tò náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi rẹlẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, on Monday, ẹ bá mi call insurance. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti move. I'll be in training all day." Mo ní kò burú. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun àdúgbò wa, ó tan iná lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sí nínú bọ́ọ̀sì, mi ò ní iná tí màá fi dá a lóhùn, ni mo bá sáré lọ sídìí iná ẹnu ọ̀nà, mo tàn án, mo pa á, mo tún tàn án. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí i.

Mo pè wọ́n ní Monday lóòótọ́. Ohùn kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní bí mo bá fẹ́ sọ pé mo ṣí ilé, kí n tẹ méjì. Ìka mi dúró lórí méjì. Mo wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sìlípáàsì tí kò kó lọ, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mi ò pè. Nígbà tó bi mí bóyá mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Irọ́ kan kì í dá rìn. Oṣooṣù ló máa ń fi owó inṣọ́ránsì ránṣẹ́ sí mi, torí náà mo sọ iye tó dín yẹn fún un, mo sì ń fi owó ara mi kún ìyókù. Ẹ wò ó, mò ń sanwó kí ọmọ mi lè ṣì máa gbé ilé mi nínú ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà níbòmíràn. Lẹ́tà báǹkì ò wá mọ́. Lẹ́tà dókítà eyín ò wá mọ́. Inṣọ́ránsì nìkan ló kù tó ṣì gbà pé ọmọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ mi, èmi kọ́ ni màá wá já okùn yẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó oṣù márùn-ún. Lẹ́tà kan wá ní àárọ̀ Saturday, orúkọ ọmọ mi lára rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí mo rí orúkọ náà. Mo ṣí i. Wọ́n ní àpótí dúdú fi hàn pé Norfolk ni mọ́tò náà ń sùn, kì í ṣe àdírẹ́sì tí a fún wọn. Wọ́n ní bí a ò bá kàn sí wọn láàárín ọjọ́ méje, àwọn máa fagi lé inṣọ́ránsì náà.

Awakọ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá fagi lé tirẹ̀, gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá kún lẹ́yìn náà ló máa bi í léèrè, owó tí wọ́n máa bù fún un kò ní ṣeé san fún ọmọdé. Láìsí inṣọ́ránsì, kò sí mọ́tò. Láìsí mọ́tò, kò sí iṣẹ́. Láìsí iṣẹ́, níbo ló máa lọ bí kò ṣe ilé? Mo ro ó débẹ̀ yẹn, ọkàn mi sì fò sókè. Kí n dákẹ́ fún ọjọ́ méje péré, ọmọ mi á padà wá. Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ike ìrẹsì. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Ní Wednesday, ó pè mí nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó ń sọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń lọ tọ́jú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó ní bàbá náà ò ní ẹnì kankan nítòsí, ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí lọ́jọ́ tí òun bá ń bọ̀.

Ó ní, "Mummy, he knows the sound of my car. Lónìí, before I even parked, ó ti dìde. Òun nìkan. Nobody held him."

Ó ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mò ń dẹtí sí ìró mọ́tò yẹn láyé. Ẹlòmíràn tún wà tó ń dúró dè é, mo sì ti fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo mú lẹ́tà náà lábẹ́ ike ìrẹsì. Mo pè wọ́n, mo sì tẹ méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó bi mí bóyá ọmọ mi ń gbé ní àdírẹ́sì Dagenham.

Mo ní, "Rárá. Ọmọ mi ò gbé lọ́dọ̀ mi mọ́."

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, ìyẹn ò ní kó má dùn mí. Ó bèèrè àdírẹ́sì tuntun, mo sì rí i pé mo ti há póòsìkóòdù náà sórí láìmọ̀. Mo sọ ọjọ́ tó kúrò gan-an, mo ní ọmọ ò jẹ̀bi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní kí n dúró. Nígbà tó padà dé, ó ní àwọn ò ní fagi lé e. Ó ní ìròyìn ayọ̀ tún wà, pé owó náà máa dín. Mo ní mo mọ̀. Ó bèèrè bóyá kí òun yọ orúkọ mi kúrò gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo jẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Inú bí i gidigidi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọn ì bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò rọrùn kí ìyá máa bẹ ọmọ, pàápàá ìyá tó jẹ́ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́.

Ó wá ní, "So kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní o ò gbé lọ́dọ̀ mi mọ́."

"Báyẹn gan-an lẹ ṣe sọ ọ́?"

Mo ní báyẹn gan-an. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tó ń fa imú. Òun tó ní kí n lọ sọ ọ́, òun náà ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́sàn-án Friday kan tí mi ò níṣẹ́, mo gbọ́ ìró mọ́tò tí mo mọ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, iná ti tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ru àpò aṣọ ìdọ̀tí wọlé, ó ń bèèrè bóyá ọbẹ̀ wà. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa padà, ó ní Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọlé lọ, èmi dúró díẹ̀ síta, mò ń wo mọ́tò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Mo rántí àpótí dúdú inú rẹ̀. Fún òru méjì gbáko, ó máa ròyìn fún wọn pé Dagenham ni mọ́tò ọmọ mi sùn, òótọ́ ló sì máa sọ.