Ọ̀rọ̀ Jámánì Tí Bàbá Fi Bojú

"Man kì í ṣe ọkùnrin o, kì í sì í ṣe obìnrin," ni bàbá wí, ó ń fi epo bẹntiróòlù fọ ṣéènì moto, ìyẹn alùpùpù. "Àwọn Jámánì máa ń lò ó tí wọn ò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan. Man arbeitet: èèyàn ń ṣiṣẹ́. D'accord?"

Mo ní d'accord, ó yé mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Aládùúgbò wa ni bàbá náà ní àdúgbò Patte d'Oie. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì rí kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún moto ṣe. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, òórùn gírísì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹbí mi lọ. Ẹ má sọ fún wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ obìnrin tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé moto rẹ̀ wá, bíréèkì ò mú. Bàbá tú u, ó ní ó ti jẹ tán, tuntun ò sì sí nílẹ̀. Ló bá fi pépà oníyanrìn ha ògbólógbòó náà, ó dá a padà, ó ní kí ọkùnrin náà ṣì máa gùn ún. Ojú mi ló ṣe. Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ pa ní oríta.

Ẹbí ọkọ ní ìyàwó ló fà á. Wọ́n ní ó bá a jà láàárọ̀, kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn yóò lé e, àwọn yóò sì gba ọmọ méjèèjì. Opó kì í jáde, ṣùgbọ́n ó jáde wá bá bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ pààrọ̀ frein yẹn, bíréèkì ọkọ mi?"

Bàbá ò gbójú sókè. "Ìyàwó, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀. Èèyàn ò lè bá kádàrá jà."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ọmọ mi, o wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo wo bàbá. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Barka," ni obìnrin náà fi dúpẹ́, ó sì lọ. Kò tíì parí opó tí wọ́n fi gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Èdè Jámánì ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdúgbò Koulouba báyìí. Inú ṣì ń bí mi sí bàbá, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń ní ọmọdé kan ló mi orí. Wọ́n á ní ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Èmi ni mo mi orí, mo sì mọ̀, àwọn ọmọ yẹn sì dàgbà láìmọ ìyá wọn.