Ilé Tó Mọ́ Jù Ládùúgbò

Tí o bá ń wá ìjà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kàn wọ bàtà wọlé ẹ̀. Télọ̀ ni. Ìyá Fínnífínní ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹni tó bá sì fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá dé ilé ẹ̀ tán, á gbà pé kò sí irọ́ ńbẹ̀. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ láìjẹ́ pé ó ti nu gbogbo ilẹ̀ ilé. Bí àlejò bá dìde lórí àga, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi á ti máa tún tìmùtìmù ibẹ̀ tò. Ọkọ ẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ìyàwó òun á kọ́kọ́ gbálẹ̀ kó tó sunkún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí.

Ilé náà ní òórùn tirẹ̀. Ẹ mọ àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké yẹn, káńfọ̀, tí èèyàn ń jù sáàárín aṣọ kí aáyán àti kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹlòmíì á ju méjì péré sínú àpótí, ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ́n tiẹ̀ bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Ó wà nínú àpótí, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà láàárín aṣọ àwọn oníbàárà, ó wà nílé ìwẹ̀. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà òórùn káńfọ̀ ni mo mọ̀ sí òórùn ìmọ́tótó. Tí mo bá rẹ̀wẹ̀sì níbi iṣẹ́, tí mo sì gbọ́ òórùn yẹn lára ẹnì kan tó ń kọjá, ara mi á balẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi, afẹ́fẹ́ ni mo ń wọ̀n. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín tó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ló gbà mí pé kí n máa gbé ẹ̀rọ kékeré kan kiri, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú páìpù tín-ín-rín, kí wọ́n lè mọ irú oró tí a ń fà símú láìmọ̀, èyí tó ń jáde lára ọ̀dà, lára bẹntiróòlù, lára fóòmù àga, lára ìdọ̀tí tí wọ́n ń dáná sun. A máa ń so ó mọ́ òpó iná lójú títì, a sì máa ń gbé e sínú yàrá àwọn èèyàn. Ọ̀gá mi obìnrin ní kí n wá ilé kan tó mọ́ tónítóní, èyí tí a ó máa fi wé àwọn yòókù. Mo ní, "Ṣé ilé tó mọ́ lẹ ń wá? Ẹ ti rí i."

Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà dé, ẹ̀gbọ́n mi nu ẹ̀rọ pàápàá kó tó jẹ́ kí n gbé e wọlé. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ilé mi náà fẹ́ ṣe ìdánwò? Á borí gbogbo wọn." Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ti lóyún gbọ̀ngbọ̀n nígbà yẹn tó wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Èsì dé. Oró inú yàrá ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ ju ti ẹ̀bá àkìtàn tó ń jó lọ. Kì í ṣe díẹ̀ o, ó fi ìlọ́po-ìlọ́po jù ú. Ọ̀gá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní mo ti da páìpù rú mọ́ra wọn. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú mi kọ́ lẹ fi ń ka èsì, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n." Ó ní kí n má ta ko òun, pé kò sí bí ilé tó mọ́ ṣe lè burú ju àkìtàn lọ, kí n lọ tún un ṣe. Ká sòótọ́, èmi náà rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ta ló máa fura sí ilé Ìyá Fínnífínní?

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mò ń gbé ẹ̀rọ padà bọ̀, ó gbà á sí ìbínú. "Wọ́n ní ilé mi dọ̀tí? Èmi?" Ó fọ ilé náà bí ẹni pé òkú ló kúrò níbẹ̀. Ó fọ kọ́tìnnì, ó fọ ògiri, ó wá ra káńfọ̀ tuntun, ó fi kún èyí tó wà nílẹ̀, kí ojú lè ti àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn án.

Ọmọ ti délé nígbà yẹn. Ọkùnrin ni, ó dúdú, ó ní irun, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpótí ìsàlẹ̀, ó kó aṣọ tí ìyá ọmọ náà fúnra ẹ̀ wọ̀ nígbà tó wà ní ìkókó jáde: fìlà, aṣọ òtútù, bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun. Láti ọjọ́ náà ló ti wà láàárín káńfọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́ kó tó tọ́jú ẹ̀, kí ló fẹ́ tún un fọ̀ sí? Ohun tó mọ́ ti mọ́. Bí ó ṣe yọ ọ́ ló ṣe fi wé ọmọ. Mo wà níbẹ̀, mo ní aṣọ náà dára.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí mo kó páìpù kejì láti ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ fún wọn nílé iṣẹ́, mo wà lójú títì, mò ń so ẹ̀rọ mọ́ òpó iná, ni fóònù mi dún. Ọ̀gá ni. Obìnrin tó máa ń pariwo, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ilé tó mọ́ yẹn, ṣé wọ́n ń lo káńfọ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń lò ó, mà."

"Ṣé ọmọdé wà níbẹ̀?"

Mo ní ọmọ tuntun wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Páìpù kọ́ ló dàrú. Ẹ̀rọ kọ́. Oró káńfọ̀ ló kún inú páìpù méjèèjì. Sáré lọ gbé ọmọ yẹn jáde. Wo ojú ẹ̀, tí funfun ojú ẹ̀ bá ti ń di àwọ̀ ìyeyè, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ." Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí àìlera kan mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú lásán ò lè rí i, tí wọ́n bá sì ti ń fa káńfọ̀ símú, tí ó kan ara wọn, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́. Oró tó ń tinú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ jáde ló ń mú ojú wọn pọ́n bí ìyeyè. Tó bá pọ̀ jù, á gun ọpọlọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò níbẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lára òpó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ nínú oòrùn, ó wé e jinginni nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Ó ní, "Wò ó, ọkọ mi ti gba sùúrù. Látàárọ̀ kò tíì ké." Ìyá ọmọ náà ní kò gba ọmú. Ọmọ tó ń ké bí olówó èlé! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun tí ọ̀gá sọ. Mo fi àtàǹpàkò ṣí ojú ẹ̀. Yé! Ìyeyè tó pọ́n ló wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ bọ́ lára ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́. "Orí ẹ dàrú ni? Òtútù á mú un!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀! Aṣọ yẹn ló ń pa á!"

N ò tíì pariwo mọ́ ọn báyẹn rí láyé mi. Ó káwọ́ sókè, ó ń wò mí. Mo fi ìborùn mi wé ọmọ, ìyá ẹ̀ gbé e, a já síta, ẹ̀gbọ́n mi sáré tẹ̀ lé wa, a dá mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ dúró. Ara ọmọ náà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró, mò ń na etí sí imú ẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà kàn fọwọ́ kan ọmọ náà báyìí, ó ti ń pè fún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n di ojú ẹ̀, wọ́n ní àwọn máa fa ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ kúrò, àwọn á fi tuntun rọ́pò. Lójijì dókítà gbé imú sókè. "Ta ló ń rùn káńfọ̀ báyìí?" Gbogbo wa wo ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì ní kó jọ̀ọ́, kó jáde síta. Obìnrin tó máa ń ní kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni wọ́n lé síta nítorí òórùn ara ẹ̀.

Mo bá a lẹ́yìn ògiri. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé èmi ni?"

Mo fẹ́ purọ́, Ọlọ́run rí mi. Mo ní, "Káńfọ̀ ni."

"Ta ló ra káńfọ̀?"

Mo dì í mú, òórùn yẹn bò mí nímú, mo yí imú kúrò.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí wọ́n fi jáde wá sọ pé ọmọ náà ti ṣẹ́gun èyí tó le jù. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Dókítà ní oró náà ti pọ̀ lára ẹ̀ kí a tó dé, ó lè ti ba etí ẹ̀ jẹ́, kò sì sí bí òun ṣe lè mọ̀ ọ́n báyìí. Ká máa wò ó. Ọ̀gá mi wá kí wa, ó ní kí n má bínú nípa ọ̀rọ̀ páìpù. Mo ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ da gbogbo káńfọ̀ ilé nù. Ó ṣí fèrèsé, ó fọ aṣọ títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Òórùn náà ò lọ. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá, á dúró lẹ́yìn fèrèsé ọsibítù, á máa yọjú wo ọmọ láti òkèèrè. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ò bá a sọ̀rọ̀. Á wò ó, á gbójú kúrò. Èmi ni mo ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọ ẹ̀, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, àánú wọn sì ń ṣe mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ọmọ náà ké, ó ké, kò gba ọmú, kò gba ìrẹ̀lẹ́kún. Ìyá ẹ̀ gbé e rìn kiri yàrá láìsinmi. Mo ní kó gbé e fún mi, ọmọ náà tún le sí i. Ìyá ẹ̀ wá kọjú sí fèrèsé, omi ń dà lójú ẹ̀. "Mọ́mì, ẹ wọlé wá gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Rárá o. Mi ò ní fọwọ́ kan án mọ́."

"Mọ́mì! Ó ti rẹ̀ mí!"

Ó wọlé dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi. Ọmọ ẹ̀ bọ́ bùláòsì ara ẹ̀, èyí tó ti wọ̀ sùn, tó ti wọ̀ jí, tí wàrà àti òógùn àti èébì ọmọ ti gbẹ mọ́ láyà, ó jù ú sí i. "Ẹ bọ́ tiyín síta. Ẹ wọ èyí." Ẹ̀gbọ́n mi wo aṣọ náà. Obìnrin tí kì í fi aṣọ tí omi ta sí jẹun. Ó bọ́ tiẹ̀ níta, lójú àwọn aláìsàn àti nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ bo àyà, ó ti orí bọ aṣọ dídọ̀tí náà, ó wá na ọwọ́.

Ó gbé ọmọ léjìká, ó fi ẹnu kan etí ẹ̀. "Ọkọ mi. Ọkọ mi o. Èmi ni." Ó ń pè é bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ẹkún náà rọlẹ̀, ó sì dá.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ṣé ó gbọ́ mi ni, àbí ó kàn ti rẹ̀ ẹ́?"

Mi ò mọ̀. Dókítà náà ò tíì mọ̀.