Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Ka Oògùn

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìgbòògùn ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé famasíìsì tuntun wá fún wa. Tẹkiníṣíànì ni èmi. N kò lọ sí yunifásítì lọ kọ́ nípa oògùn bíi tàwọn famasíìsì. Ilé ẹ̀kọ́ ìlera ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń po oògùn olómi, bí a ṣe ń ka hóró oògùn sínú àpòòwé kékeré, àti bí a ṣe ń ṣàlàyé fún aláìsàn bí yóò ṣe lò ó. Famasíìsì ló ni àṣẹ lábẹ́ òfin. Àwa la ni iṣẹ́. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn nígbà náà, n kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọ̀gá wa àtijọ́ fẹ̀yìn tì, oṣù mẹ́jọ ni ìjọba fi wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Àwa méjì la di ibẹ̀ mú fún oṣù mẹ́jọ yẹn: èmi, àti bàbá kan tó jẹ́ tẹkiníṣíànì bíi tèmi, ọmọ Odogbolu, tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ náà kò jìnnà mọ́. Bàbá ló ń mójú tó kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, èmi ni mo máa ń jókòó sójú fèrèsé tí àwọn aláìsàn ti ń gba oògùn. Mo mọ ìkọ̀wé gbogbo dókítà ilé ìwòsàn náà bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ mi. Ọ̀kan nínú wọn a máa kọ̀wé bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Yóò kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ oògùn, yóò sì fa ìlà gbọọrọ dípò ìyókù. Oògùn ṣọ̀wọ́n lákòókò náà. Bí ohun tí dókítà kọ kò bá sí, èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé ìwé padà lọ bá a kó lè kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló rán mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni famasíìsì tuntun dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ apá Ọ̀yọ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì wọ kóòtù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó yẹ gbogbo pẹpẹ oògùn wò, ó fi ìka nu eruku orí wọn, lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

Ó ní, “Ìwọ lo ń jókòó sójú fèrèsé?”

Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, àkọ́bí mi sì ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíráámà. Mo ní, “Èmi ni, sà.” Mo pe “sà” yẹn ketekete, kí ó lè gbọ́ irú ohun tí òun kò fún mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti tẹ ìwé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìwé náà sọ pé famasíìsì nìkan ni yóò máa ka ohun tí dókítà kọ. Òun ni yóò kọ orúkọ oògùn sínú pélébé ìwé tó máa nà sí tẹkiníṣíànì, tẹkiníṣíànì yóò ka oògùn náà, yóò dì í, yóò sì fà á lé aláìsàn lọ́wọ́. Tẹkiníṣíànì kò gbọdọ̀ bi aláìsàn ní ìbéèrè. Tẹkiníṣíànì kò gbọdọ̀ gbé ìwé padà lọ bá dókítà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Bàbá, ó sì gba òǹtẹ̀ tí a fi ń tẹ ìwé oògùn lọ́wọ́ mi.

Ó dùn mí wọra. Bàbá kò bínú ní tirẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Ó ní kí á ṣe ohun tí ìwé wí, kí á má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á má sì dín in kù. Ohun tó ní lọ́kàn yé mi. Láti ọjọ́ kejì, a kò yá ọwọ́, a kò sì ya ẹnu. Bí pélébé ìwé kò bá tíì jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀, a ó káwọ́ gbera. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìlà àwọn tó ń dúró gba oògùn ti ṣẹ́ kọ́nà dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìyá arúgbó kan wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó gba oògùn rẹ̀, ó wá ń fi èdè Ìjẹ̀bú ponbele béèrè bóyá kí òun tó jẹun ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Famasíìsì jáde wá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ìyá náà ń wí. Ìyá tún un sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú sí mi kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Mo wo ògiri. Mo mọ ohun tí ìyá náà béèrè, mo mọ èsì rẹ̀, mo sì wo ògiri níbi tí ìwé rẹ̀ wà. Ìyá káṣọ rẹ̀ jọ, ó sì lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, èyí nìkan ni n kò rí àwíjàre kankan fún.

Ní oṣù kejì, famasíìsì náà ká mi mọ́ nǹkan. Mo ń po oògùn olómi tí a máa ń fún àwọn tí inú ń ta. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pò ó, n kì í sì í lo òṣùwọ̀n mọ́. Mo máa ń fi ṣíbí ńlá kan bu ìyẹ̀fun oògùn náà ni, ojú mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo ní ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Kò bá mi jiyàn. Ó gbé òṣùwọ̀n wá fúnra rẹ̀, ó ní kí n bu ṣíbí mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Èyí tó kẹ́yìn fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dúró, mo ń wo ọfà òṣùwọ̀n náà bí ẹni pé ó máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ó ní, “Ọwọ́ yín dára. Ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ọwọ́.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi “yín” bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn da èyí tí mo ti pò nù ni, mo sì tún òmíràn pò pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò fi ojú wọn oògùn mọ́.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù òjò ni ọ̀rọ̀ wa wá di ńlá. Obìnrin olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Imusin gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ó pọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Orí ọmọ náà ti wọ́ sí èjìká ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìwé wọn wọlé lọ sọ́dọ̀ famasíìsì. Pélébé ìwé jáde, mo wò ó: oògùn àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló kọ, kí wọ́n máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Oògùn ibà kan wà tí a ń lò jù lọ nígbà náà, tí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ti oògùn ìtọ̀ ṣúgà yìí jọ ara wọn. Hóró funfun ni àwọn méjèèjì. Mo tún wo ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún obìnrin tó tò tẹ̀ lé e pé ọmọ náà kò tíì fi nǹkankan kan ẹnu láti àná. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá fún ọmọ tí ibà ń ṣe, tí kò sì jẹun, ó lè sùn kó má jí.

Mo dìde, mo wọ ọ́fíìsì lọ. Mo ní, “Sà, ọmọdé ló ni ìwé yìí. Ibà ló ń ṣe é.”

Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Ohun tí dókítà kọ ni mo kà.”

“Mo mọ ìkọ̀wé dókítà yìí, sà. Kì í kọ orúkọ oògùn parí.”

“Ẹ lọ kà á fún wọn.”

“N kò ní kà á, sà.”

Ó wá gbé orí sókè. Mo rí ìwé dókítà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, mo nawọ́, mo mú un. Ó pè mí, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún ìyá ọmọ pé kó dúró dè mí, kó má ṣe gba oògùn kankan kí n tó dé, mo sì gba inú òjò kọjá sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà wo ìwé náà, ó ní oògùn ibà ni òun kọ, kí ló tún kù? Mo ní kó jọ̀wọ́ kọ orúkọ rẹ̀ parí. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra díẹ̀, nítorí àwọn aláìsàn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì famasíìsì. Ó kà á. Ó pẹ́ kó tó buwọ́ lù ú. Mo ka oògùn ibà, mo kọ́ ìyá ọmọ bí yóò ṣe lọ̀ ọ́ mọ́ oyin nítorí kíkorò rẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀kọ mímu. Wọ́n lọ, wọn kò mọ ohunkóhun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kúérì ti wà lórí àga mi, ìwé tí ìjọba fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe. Wọ́n ní mo ṣàìgbọràn sí ọ̀gá mi, mo sì mú ìwé lórí tábìlì rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọkọ mi ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, pé ọ̀gá kì í jẹ̀bi. Mo gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan péré ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé òótọ́ ni pé mo kọ̀ láti ka oògùn náà, pé òótọ́ ni pé mo mú ìwé náà, àti pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, n ó tún kọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí ilé ìwòsàn, dókítà àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti ka ìwé mi. Ó gbé ìwé dókítà síwájú famasíìsì, ó ní kó fi ohun tó kọ́kọ́ kà níbẹ̀ hàn òun.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún un. Ó lè di ẹ̀bi náà ru dókítà tó fa ìlà. Mo ti múra sílẹ̀ de ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní, “Mo ṣì í kà, sà. Ká ní wọ́n ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni, ọmọ náà lè má wà láyé mọ́.” Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ olórí níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fa ìwé yọ lórí tábìlì mi.”

Olórí ilé ìwòsàn yíjú sí mi. Ìbínú tí mo ti ń kó jọ fún oṣù méjì kò sí lẹ́nu mi mọ́. Mo ní, “Wọ́n jàre nípa ti tábìlì, sà. Wọ́n tún jàre nípa òṣùwọ̀n, torí ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi ojú wọn oògùn, àwọn ló dá mi dúró. N kò wá àga wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé kí wọ́n má ṣe da ohun tí mo mọ̀ nù nítorí ìwé ẹ̀rí tí n kò ní.”

Wọ́n fagi lé kúérì náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìkìlọ̀ kan sínú fáìlì mi nítorí ìwé tí mo mú. Mo buwọ́ lù ú láìjanpata, nítorí ó tọ́ sí mi. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn dókítà kí wọ́n máa kọ orúkọ oògùn parí. Famasíìsì fúnra rẹ̀ ló ya ìwé ara ògiri. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun, Bàbá àti èmi, la jókòó kọ òmíràn, ìlà kan ṣoṣo tí mo dúró lé lórí sì ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa tí oògùn kan bá kọ lóminú lè dá a dúró títí dókítà yóò fi fèsì.

A kò di ọ̀rẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jọ ṣiṣẹ́ dáadáa ló ń di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé sí mi pé kí ni mo rí níbẹ̀, n ó sì sọ ọ́. Ó ní kí n kọ́ òun ní bí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ṣe ń pe oríṣiríṣi àìsàn, ó sì mọ̀ ọ́n dé ibi pé àwọn ìyá a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èdè Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, bí èrò bá ti dínkù, òun náà a máa kọ́ wa nípa àwọn oògùn tí ń bá ara wọn jà nínú ara ènìyàn. Ohun tí n kò mọ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó rọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí n lọ gba fọ́ọ̀mù yunifásítì. N kò lọ. Kì í ṣe pé ọpọlọ mi kò gbé e. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Obìnrin ni famasíìsì tó rọ́pò rẹ̀, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí bákan náà. Ní òwúrọ̀ tó dé, kí ó tó yọ báàgì rẹ̀ léjìká, mo sọ oògùn tí a ní fún un àti èyí tí kò sí, mo sọ dókítà tó yẹ kó ṣọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, mo wá fi kún un pé bí n kò bá fara mọ́ ohun kan, n ó wí i lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n fa àga kan wá kí n jókòó ti òun.